Kánè: bẹ́ ẹ ṣe lè kó ohun èlò báńdì àti kámẹ́rà yín sọdá bodè kẹ́ ẹ sì kó gbogbo ẹ̀ padà wálé

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù láàárín àwa tá a ń ṣeré òde tá a sì ń ya fídíò ní London nìyí: "Bùrọ̀dá, ṣé a ò kàn lè sọ fún wọn ní bodè pé ẹrù iṣẹ́ wa ni, pé a ò tà á, pé a máa kó o padà tó bá di Mọ́ńdè?" Ẹ lè sọ ọ́ o, ẹnu yín ni. Àmọ́ fáàn tó kún fún sípíkà, míkísà, kíbọ́ọ̀dù àti ìlù mẹ́fà, lójú oníbodè, ẹrù tó ń wọ ìlú ni, ẹrù tó bá sì wọ ìlú, owó ẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde, àfi tẹ́ ẹ bá ní ìwé lọ́wọ́ tó sọ pé ṣe ló kàn yà kí wọn, pé ó ń padà lọ. Ìwé yẹn ni ATA Carnet. Kánè la máa ń pè é, ẹ má pe t tó gbẹ̀yìn yẹn síta, Faransé ló ni ín.

Nígbà tí Ìlú Ọba ṣì wà nínú EU, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ìlú Yúróòpù, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú wa. Fúráìdè la máa kó ẹrù sínú fáàn, ká sọdá omi ní Dover, ká lọ ṣeré ìgbéyàwó ní Paris tàbí Hamburg, kí ilẹ̀ Mọ́ńdè tó mọ́ a ti wà ní Peckham, kò sẹ́ni tó bi wá pé kí la kó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 ni ìyẹn ti dópin. Pásípọ́ọ̀tì yín lè dáa, físà yín lè pé, ìyẹn tèèyàn, ẹrù ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Dublin gan-an lọ̀pọ̀ ti ń kó sí wàhálà, torí pé ẹni tó ní pásípọ́ọ̀tì UK ń wọ Ireland bó ṣe ń wọ ilé ẹ̀gbọ́n ẹ̀, wọ́n á wá rò pé fáàn náà lè wọlé bẹ́ẹ̀. Àdéhùn tó wà láàárín ìlú méjèèjì yẹn, ti èèyàn ni, kì í ṣe ti sípíkà. Inú EU ni Ireland wà, ẹ gbé kánè dání.

Kí ni nǹkan náà gan-an? ATA yẹn, lẹ́tà èdè Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n pò pọ̀, "Admission Temporaire" àti "Temporary Admission", ìtumọ̀ méjèèjì ò ju pé kí nǹkan wọlé fúngbà díẹ̀ lọ. Brussels ni wọ́n ti ṣe àdéhùn ẹ̀ lọ́dún 1961, wọ́n tún ṣe òmíì ní Istanbul lọ́dún 1990. Tẹ́ ẹ bá ti dúró fún ẹnì kan rí láti yáwó nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti yé yín nìyẹn. Ní gbogbo ìlú tó wà nínú àdéhùn yìí, ẹgbẹ́ oníṣòwò kan wà tó jẹ́ onídùúró, ìyẹn Chamber of Commerce. Tí ẹrù yín bá wọ ilẹ̀ Faransé tí ò jáde, kọ́sítọ́ọ̀mù wọn ò ní wá yín kiri, Chamber tó wà lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n máa kọ ìwé sí, ìyẹn á yíjú sí Chamber tó wà ní London, London á wá yíjú sí yín. Torí bẹ́ẹ̀ ni Chamber ò ṣe ní fún yín ní kánè láìjẹ́ pé ẹ fi nǹkan dúró. Àwọn kan máa ń fi owó sílẹ̀ tàbí kí báńkì wọn dúró fún wọn, àwọn míì á san owó ìdúró tí wọn ò ní gbà padà, ìyẹn ló sì rọrùn fún báńdì kékeré torí kò sówó ńlá tó máa há síbì kan. Yàtọ̀ síyẹn, owó ìwé fúnra ẹ̀ wà, ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lọ́nà mélòó kan, ẹ bi Chamber tẹ́ ẹ fẹ́ lò torí iye wọn ò dọ́gba. Òde kan ṣoṣo lè má gbé e. Àmọ́ ọdún kan gbáko ni kánè fi ń ṣiṣẹ́, ìgbà tó bá wù yín lẹ lè fi jáde kẹ́ ẹ fi wọlé láàárín ọdún náà, torí náà tẹ́ ẹ bá ní òde mẹ́rin sílẹ̀ lọ́dún, ẹ pín owó ẹ̀ sórí òde mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kẹ́ ẹ sì fi í kún owó tẹ́ ẹ máa sọ fún ẹni tó pè yín sóde látìbẹ̀rẹ̀, ẹ má wá máa yọ ọ́ nínú owó àwọn onílù jàre.

Kẹ́ ẹ tó náwó rárá, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ nílò ẹ̀. Nínú òfin kọ́sítọ́ọ̀mù EU, ohun èlò orin tó ṣeé gbé lọ́wọ́, tí arìnrìnàjò fúnra ẹ̀ gbé dání láti fi ṣiṣẹ́, ó lè gbé e wọlé láìsí kánè. Onígángan tó wọ bàálù lọ Berlin pẹ̀lú gángan ẹ̀ léjìká, ẹ má fi kánè dà á láàmú. Tó bá ti wá di fáàn, tó bá di pé sípíkà àti ampilifáyà àti iná orí ìtàgé wà nínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ohun tó ṣeé gbé lọ́wọ́, kẹ́ ẹ má sì wá bá oníbodè jà lóru pé ẹ rí i kà níbì kan. Ẹ̀yin oníkámẹ́rà, ohun èlò orin ni wọ́n dárúkọ níbẹ̀ yẹn o. Kámẹ́rà méjì pẹ̀lú lẹ́ńsì mẹ́fà, dúróònù, iná àti ẹsẹ̀ kámẹ́rà, iye owó ẹ̀ nìkan á jẹ́ kí wọ́n bi yín léèrè, ní tèmi mo máa gbé kánè.

Ohun tó lè wà nínú ẹ̀: ohun èlò iṣẹ́, àpẹẹrẹ ọjà tí oníṣòwò ń gbé kiri láti fi han oníbàárà, àti ohun tẹ́ ẹ ń gbé lọ síbi ìpàtẹ. Ẹni tó ń gbé àdìrẹ tàbí aṣọ òkè lọ ṣàfihàn ní Milan tó sì ń gbé e padà, ó wà níbẹ̀. Ohun tí ò lè wà níbẹ̀ ni ohunkóhun tẹ́ ẹ máa tà, tẹ́ ẹ máa fi tọrẹ, tẹ́ ẹ máa jẹ tàbí tẹ́ ẹ máa lò tán. Tíṣáàtì tó ní orúkọ báńdì yín tẹ́ ẹ fẹ́ tà lẹ́nu ọ̀nà, kò sí níbẹ̀, ìyẹn ní fọ́ọ̀mù tiẹ̀ lọ́tọ̀. Sẹ́lótéèpù, bátìrì tẹ́ ẹ máa jù nù, awọ ìlù tuntun tẹ́ ẹ gbé dání pé tí ti ojú ìlù bá fàya, ẹ má kọ wọ́n sí i, torí gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá kọ sí i ni wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń jáde, títí kan sẹ́lótéèpù. Kúlà ọbẹ̀ tẹ́ ẹ máa ń tì sábẹ́ àga náà, kò kan kánè o, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́: ẹran àti ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe kì í wọ EU láti UK lọ́wọ́ arìnrìnàjò. Ọbẹ̀ ẹran yẹn, inú bíìnì wọn ló ń lọ. Ẹ jẹ ẹ́ ní ojú ọ̀nà kẹ́ ẹ tó dé Dover.

Ó wá ku lísìtì, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Lísìtì yẹn ni kánè, gbogbo páálí tó kù, aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un ni. Ẹ máa kọ nọ́ńbà ohun kọ̀ọ̀kan, ohun tó jẹ́, àmì tàbí síríà nọ́ńbà ara ẹ̀, mélòó ló jẹ́, bó ṣe wúwo tó, owó ẹ̀, àti ìlú tí wọ́n ti ṣe é. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ ò lè fi nǹkan kan kún un mọ́, kódà wáyà kan. Ẹ lè kó díẹ̀ lára ohun tó wà níbẹ̀ rìnrìnàjò o, ìyẹn ò burú, ẹ kàn máa kọ nọ́ńbà àwọn tẹ́ ẹ kó lọ́jọ́ náà sínú ewé tí wọ́n máa tẹ̀ lóǹtẹ̀. Nítorí náà, nígbà tẹ́ ẹ bá ń kọ lísìtì, ẹ ronú ọdún yẹn látòkèdélẹ̀: sípíkà kékeré tẹ́ ẹ kì í sábà gbé jáde, ẹ kọ ọ́. Máíkì tí wọ́n fi ń pààrọ̀, ẹ kọ ọ́. Àwọn tí ò ní síríà nọ́ńbà ló ń fún èèyàn níṣẹ́. Kíbọ́ọ̀dù Yamaha, ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀ ẹ da nọ́ńbà ẹ̀ kọ, ó tán. Ìyáàlù ńkọ́? Ta ló fẹ́ kọ nọ́ńbà sára ìyáàlù?

Bá a ṣe ń ṣe tiwa nìyí. A ò kọ "talking drum" lásán, torí ọ̀gá kan ní bodè lè rí ìlù mẹ́rin nínú fáàn, kó rí "talking drum 4" nínú ìwé, kó sì ní òun ò mọ èwo ni èwo. A máa ń ṣàpèjúwe ọ̀kọ̀ọ̀kan: igi tí wọ́n gbẹ́ láàárín bí ìbàdí, awọ ewúrẹ́ lójú méjèèjì, ọsán aláwọ yí i ká, ṣaworo lọ́rùn, gígùn ẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, àwọ̀ aṣọ tó wà lára okùn tí wọ́n fi ń gbé e kọ́. A wá fi páálí kékeré kan so mọ́ ọn, nọ́ńbà orí páálí náà ni nọ́ńbà tó wà nínú lísìtì, a sì ya fọ́tò ẹ̀ tòun ti páálí ọ̀hún. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bákan náà, agogo bákan náà. Ìlú tí wọ́n ti ṣe é, àwọn lẹ́tà méjì ni wọ́n ń fẹ́: NG fún àwọn ìlù, JP fún kíbọ́ọ̀dù tó bá jẹ́ Jàpáànù ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ wo abẹ́ ẹ̀, ẹ má méfò, ilé iṣẹ́ Jàpáànù púpọ̀ ló ń ṣe nǹkan wọn ní Ṣáínà tàbí Indonéṣíà. Tí ohun èlò yín bá ní eyín erin lára tàbí ohunkóhun láti ara ẹranko tàbí igi tí CITES dáàbò bò, ìyẹn òfin àgbáyé lórí ẹranko àti igi tó lè tán láyé, kánè nìkan ò tó, ẹ tún nílò ìwé àṣẹ CITES, ẹ sì tètè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ torí kì í yá bíi kánè.

Owó tẹ́ ẹ máa kọ sí i, iye tí ẹni tó mọ ọjà máa ra nǹkan náà lónìí bó ṣe rí ni. Kì í ṣe iye tẹ́ ẹ rà á ní 2016. Àwọn kan á kọ pọ́n-ùn mẹ́wàá sí sípíkà kí owó ìdúró lè kéré, oníbodè tó ń rí sípíkà lójoojúmọ́ á wá wò wọ́n lójú. Àwọn míì á kọ ọ́ gọbọi nítorí ìgbéraga, wọ́n á sì san owó ìdúró lórí ìgbéraga yẹn.

Orúkọ náà ṣe pàtàkì o. Àlàfo A lórúkọ ẹni tó ni kánè, ó lè jẹ́ kọ́ńpìnì yín. Àlàfo B ni ẹni tó máa gbé e dání. Tí dírẹ́bà ló máa wà nídìí fáàn tẹ́ ẹ̀yin sì fẹ́ wọ bàálù, orúkọ dírẹ́bà gbọ́dọ̀ wà ní B, tàbí kó ní lẹ́tà lọ́wọ́ látọ̀dọ̀ yín pé ẹ rán an. Mo ti rí báńdì tí olórí wọn wà ní hòtẹ́ẹ̀lì tí fáàn wà ní bodè, wọ́n ń fi WhatsApp wá lẹ́tà.

Ẹ lè kọ fọ́ọ̀mù náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Chamber ti London ń ṣe é, àwọn Chamber míì káàkiri UK náà sì ń ṣe é. Tẹ́ ẹ bá gbà á, ẹ máa rí i pé páálí tó bò ó níwájú àti lẹ́yìn, àwọ̀ ewé ni. Inú ẹ̀ wá ní ewé yẹ́lò, ewé funfun, nígbà míì ewé búlúù. Yẹ́lò ni ti ilé: ọ̀kan fún jíjáde kúrò ní UK, ọ̀kan fún pípadà wọ UK. Funfun ni ti àlejò: ọ̀kan fún wíwọ ìlú tẹ́ ẹ ń lọ, ọ̀kan fún jíjáde níbẹ̀. Búlúù ni ti ìlú tẹ́ ẹ kàn fẹ́ gbà kọjá láìdúró ṣiṣẹ́. Ewé kọ̀ọ̀kan ní ìdí tó ń kù sínú ìwé bíi ti ìwé ṣẹ́ẹ̀kì, oníbodè á fa ewé ya, á tẹ òǹtẹ̀ sí ìdí tó kù. Ìdí yẹn lẹ̀rí yín. Ewé tó ya lọ, tiwọn ni.

Ẹ jẹ́ ká ka ewé pọ̀, torí ìyẹn ni wọ́n máa bi yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń kọ fọ́ọ̀mù, ọ̀pọ̀ ló sì ń kà á kù. Ká ní ẹ ní òde ní Paris lọ́jọ́ Fúráìdè, Zurich lọ́jọ́ Sátidé, Frankfurt lọ́jọ́ Sọ́ńdè. EU lódindi, ìlú kan ṣoṣo ló jẹ́ lójú kọ́sítọ́ọ̀mù, láti Calais títí dé ààlà Poland ẹ ò nílò òǹtẹ̀ kankan láàárín. Àmọ́ Switzerland ò sí nínú EU, Norway náà ò sí níbẹ̀. Torí náà: ẹ jáde ní UK, yẹ́lò àkọ́kọ́. Ẹ wọ Faransé, funfun kan. Ẹ dé Basel, ẹ ń jáde kúrò nínú EU, funfun kejì. Ẹ sún síwájú díẹ̀, ẹ ń wọ Switzerland, funfun kẹta. Lọ́jọ́ kejì ẹ ń jáde ní Switzerland, funfun kẹrin, ẹ ń wọ Jámánì, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ tún wọ EU lẹ́ẹ̀kan sí i, funfun karùn-ún. Ẹ dé Calais ẹ ń padà, funfun kẹfà. Ẹ dé UK, yẹ́lò kejì. Òǹtẹ̀ mẹ́jọ fún òpin ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá kọ sí fọ́ọ̀mù pé "EU ẹ̀ẹ̀kan, Switzerland ẹ̀ẹ̀kan", Basel ni ewé á ti tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ ní kí wọ́n fi ewé funfun kan kún un, òde tẹ́ ẹ ò rò tẹ́lẹ̀ lè yọjú, inú ọdún kan náà ṣì ni.

Àwọn bodè Switzerland yẹn, kì í ṣe gbogbo wọn ni ọ́fíìsì ẹrù wà, ibi tó sì wà, kì í ṣe gbogbo wákàtí ni wọ́n ń ṣí. Ojú ọ̀nà kékeré tí Google Maps máa ń fi èèyàn sí torí pé ó yá jù, ẹ máa rí i pé ẹ ti wọ Switzerland láìrí ẹnì kankan, inú yín á dùn, ẹ má jẹ́ kó dùn. Ẹ gba ojú títì ńlá, níbi táwọn lọ́rì ń gbà, kẹ́ ẹ sì ti wo wákàtí tí wọ́n ń ṣí kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Ọjọ́ ìrìnàjò dé. Kẹ́ ẹ tó sún mọ́ Dover, ẹ gbọ́dọ̀ ti ní GMR, nọ́ńbà kan tẹ́ ẹ máa gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba tẹ́ ẹ máa fi nọ́ńbà kánè yín sí, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi máa bèèrè ẹ̀. Ẹ máa kọ́kọ́ yà ní Sevington, lẹ́bàá Ashford, níbi tí wọ́n kọ́ fún irú nǹkan báyìí létí ojú títì M20, ibẹ̀ ni wọ́n á ti tẹ yẹ́lò lóǹtẹ̀, wọ́n á sì tún kọ̀wé sí àlàfo kan níwájú páálí aláwọ̀ ewé. Àlàfo yẹn, ẹ fojú ara yín rí i pé òǹtẹ̀ wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò, torí tí kò bá sí níbẹ̀, kánè yín ò tíì jí, ìlú tó kù lè ní àwọn ò gbà á. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ ṣí fáàn. Ẹ ti to ẹrù bí lísìtì ṣe tò ó, nọ́ńbà ìta, kí wọ́n lè rí wọn láìkó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ nínú òjò. Ẹ fi wákàtí méjì sílẹ̀ fún un, ẹ má jókòó sílé máa wẹ ẹsẹ̀ mọ́tò. Ẹni tó bá ń wọ bàálù ní tiẹ̀, kó lọ tẹ òǹtẹ̀ lọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù pápákọ̀ òfuurufú kó tó fi ẹrù lé wọn lọ́wọ́, torí tí àpótí bá ti bá rọ́bà tó ń yí yẹn wọlé lọ, kí lẹ fẹ́ fi hàn wọ́n?

Tẹ́ ẹ bá dé ìhà Faransé, ẹ má tẹ̀lé àwọn mọ́tò tó ń lọ ìsinmi jáde. Ẹ béèrè ibi tí kọ́sítọ́ọ̀mù wà. Kò sẹ́ni tó máa dá yín dúró, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó máa pè yín. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Tí wọ́n bá ń tẹ funfun, ẹ wo ọjọ́ tí oníbodè kọ sí ìdí ewé náà pé ẹrù gbọ́dọ̀ jáde, torí ó lè fún yín ní ọjọ́ tó kéré sí ọdún kan. Ọjọ́ tí òun kọ ni òfin, kì í ṣe ọjọ́ tó wà níwájú páálí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa kẹ́ ẹ lè mọ ìdí tí mo fi ń pariwo òǹtẹ̀ jíjáde. Òde ìsọmọlórúkọ ńlá kan ní Jámánì, a ṣeré títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, a bọ́ sójú ọ̀nà, nǹkan bí aago mẹ́ta òru ọjọ́ kejì la dé etí omi. Gbogbo wa ń sùn. Dírẹ́bà rí ìlà ọkọ̀, ó wọ inú ìlà, wọ́n wo pásípọ́ọ̀tì, ó wọ inú fẹ́rì. Ìgbà tí mo jí tí mo rí iná Dover ni mo béèrè pé, "Ṣé o tẹ funfun?" Ó ní, "Funfun wo?" Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe rí. Wíwọlé ni gbogbo èèyàn ń rántí, torí wíwọlé lẹ̀rù ń bà wọ́n. Jíjáde, ilé lójú ń wò.

Ohun tá a ṣe tó dáa nìkan ni pé a ò ní ká tún gbójú fo yẹ́lò kejì nítorí ìtìjú. A dé UK, a lọ bá kọ́sítọ́ọ̀mù, a kó gbogbo ẹrù fún wọn wò, wọ́n tẹ yẹ́lò ìpadàwọlé, wọ́n kọ ọjọ́ sí i. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà dé látọ̀dọ̀ onídùúró wa: kọ́sítọ́ọ̀mù òkè òkun ń béèrè owó ẹrù tó wọlé tí ò jáde. Ohun tí wọ́n lè béèrè ni gbogbo owó bodè àti owó orí ọjà tó yẹ kẹ́ ẹ san ká ní ẹ tà á síbẹ̀, wọ́n sì lè fi tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé e. Yẹ́lò yẹn ló yọ wá. Àdéhùn náà gbà pé òǹtẹ̀ tí ìlú míì tẹ̀ nígbà tí ẹrù wọlé sọ́dọ̀ wọn lè jẹ́ ẹ̀rí pé ó ti kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, torí sípíkà kan ò lè wà ní Jámánì kó tún wà ní Peckham. A san owó kékeré tí wọ́n máa ń gbà fún àtúnṣe irú ẹ̀, ó tán. Ẹni tí ò bá ní yẹ́lò náà, á máa wá ọ̀gá kan tó máa wá wo ẹrù níbi tó wà kó kọ ìwé pé òun rí i, ìyẹn sì ṣòro ju kéèyàn jí lóru lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà ò gbọ́dọ̀ sùn láti nǹkan bí wákàtí kan sí etí omi. Kánè sì ń wà ní iwájú mọ́tò, kì í sí nínú báàgì ẹnikẹ́ni. Gbogbo òǹtẹ̀ tá a bá gbà, a máa ya fọ́tò ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, a ó sì fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù.

Tí nǹkan bá sọnù tàbí tí wọ́n jí i, ẹ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá ìlú tó ti sọnù, ẹ gba ìwé, ẹ sì gbà lọ́kàn yín pé wọ́n ṣì lè gba owó bodè ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó fẹ́ ra ìlù kan lọ́wọ́ yín kankan, ó ṣeé ṣe o, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ lọ san owó bodè fún kọ́sítọ́ọ̀mù ibẹ̀, ẹ gba rìsíìtì, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú kánè.

Àwọn tó fẹ́ gbé kámẹ́rà lọ Lagos fún òde Kérésìmesì, ẹ má ra kánè nítorí ẹ̀. Nàìjíríà ò sí lára àwọn ìlú tó ń gbà á, Benin àti Togo náà ò sí níbẹ̀. Ní ìhà wa lọ́hùn-ún, Senegal àti Côte d'Ivoire ló ń gbà á. Ti Lagos, ètò ìwọlé fúngbà díẹ̀ tí kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà ní lẹ máa gbà, ẹ máa nílò bọ́ńdì, ẹ fi ajẹ́ńtì tó ní láísẹ́ǹsì ṣe é kẹ́ ẹ tó gbéra, má dé Ikeja kó o tó máa pe ẹni tó mọ ẹnì kan. Kó má bàa di pé wọ́n tún gba VAT, ìyẹn owó orí ọjà, lọ́wọ́ yín lórí kámẹ́rà tiyín nígbà tẹ́ ẹ bá padà sí UK, ẹ tẹ lísìtì méjì lórí ìwé tó ní orúkọ kọ́ńpìnì yín, pẹ̀lú síríà nọ́ńbà àti owó ohun kọ̀ọ̀kan, kí Border Force, ìyẹn àwọn oníbodè UK, tẹ òǹtẹ̀ sí i nígbà tẹ́ ẹ bá ń jáde. Ọdún mẹ́ta lẹ ní láti kó ẹrù náà padà wọlé lábẹ́ ìyẹn. Ẹni tó bá ń gbé mọ́tò tàbí máṣìnì gba ojú ọ̀nà sọdá aṣálẹ̀, kánè ti mọ́tò lórúkọ míì, Carnet de Passages, kì í ṣe èyí.

Tí ọdún bá pé, tàbí tẹ́ ẹ bá ti parí gbogbo òde tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ dá ìwé náà padà fún Chamber, pẹ̀lú ewé tẹ́ ẹ ò lò. Wọn ò ní tú owó tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ títí wọ́n á fi yẹ òǹtẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò. Ẹ fi pósítì tó ṣeé tọpa ẹ̀ ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì ti ya fọ́tò gbogbo ojú ewé, níwájú àti lẹ́yìn, torí lẹ́tà ìyàlẹ́nu lè dé lẹ́yìn tí páálí ti kúrò lọ́wọ́ yín.